Àjọ Tí Kò Ní Káàdì: Ta Ló Ń Sanwó Eré Ìdárayá Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí rìsíìtì. Gbogbo ẹni tó bá ti sanwó ilé-ẹ̀kọ́ gíga rí nílẹ̀ yìí ló mọ ìwé náà. Owó ìforúkọsílẹ̀, owó ilé-ìkàwé, owó ìdánwò, owó ìtọ́jú ìlera, owó ìdàgbàsókè (ìdàgbàsókè ta ni, ẹ má bi wá), lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá rí ìlà kékeré kan nísàlẹ̀: owó eré ìdárayá. Owó ọ̀hún kì í pọ̀ lójú. Torí pé kò pọ̀ náà ni kò ṣe sẹ́ni tó ń béèrè ibi tó ń lọ. A ó san án, a ó ká rìsíìtì sínú fáìlì, ó parí.

Àwa tí à ń kọ èyí san owó yẹn ní gbogbo ọdún tí a fi wà nílé-ẹ̀kọ́, a sì tún wà lára àwọn tó ń sáré fún ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún. Lọ́dún kan tí a fẹ́ lọ bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn figagbága, ọ̀sẹ̀ tí a máa gbéra gan-an ni wọ́n pè wá jọ pé kò sówó ọkọ̀. Àwọn ọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n rí owó tiwọn. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tó ń sá eré tí wọ́n ti ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn, tí wọ́n ti ń jí ní aago márùn-ún àárọ̀ láti oṣù mẹ́ta, ni wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. A dáwó láàárín ara wa, a háyà dánfó kan, bàtà sípáìkì tí a yá la kó sínú àpò. Dánfó takú lọ́nà. Nígbà tí a máa fi débẹ̀, wọ́n ti pe orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wa, wọ́n pè é títí, kò sẹ́ni tó dáhùn, wọ́n sì ti fi igi lé e. Nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà bọ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí a fi sún mọ́ ilé. Ìgbà yẹn ni ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin béèrè pé: “Ṣé owó tí à ń san lọ́dọọdún yẹn, ibo ló ń wọ̀?”

A ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Àròkọ yìí ni à ń fi wá èsì.

Ẹ wo alájọ inú ọjà. Ní Lùsadà, ní Àtan, ní Sángò, kò sí ọjà tí ẹsẹ̀ alájọ ò dé. Ìyá tó ń ta tòmátò á mú owó ojúmọ́ sílẹ̀, alájọ á sàmì sí káàdì. Bí oṣù bá parí, alájọ á yọ owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ tó ṣe, á sì kó ìyókù fún olówó. Káàdì ń bẹ lọ́wọ́ ìyá, ìwé ńlá ń bẹ lọ́wọ́ alájọ. Bí méjèèjì ò bá ti bára mu, gbogbo ọjà ló máa gbọ́. Ìyá yẹn lè má mọ̀ọ́kọ, ó mọ iye àmì tó wà lórí káàdì tirẹ̀. Owó eré ìdárayá tí à ń san nílé-ẹ̀kọ́ náà, àjọ ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àjọ tí kò ní káàdì ni.

Ìgbẹ́sà ni a ń gbé báyìí, ibẹ̀ ni a sì ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú Àwórì ni, ìlú Ọlọ́jà Ẹkùn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Ẹni tó bá gba ọ̀nà náà rí á mọ̀ pé tirela ló ni ín. Àgbárá àti àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà lápá kan, àgbègbè òwò ọ̀fẹ́ tí ìpínlẹ̀ Ògùn àti àwọn ará Guangdong ní Ṣáínà jọ dá sílẹ̀ wà nínú Ìgbẹ́sà fúnra rẹ̀. Láàárín ariwo ẹ̀rọ yẹn ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tún wà. Ìjọ Apostolic Faith dá Yunifásítì Crawford sílẹ̀ ní Ìgbẹ́sà ní 2005. Ìjọba ìpínlẹ̀, lásìkò Ọ̀túnba Gbenga Daniel, gbé ọ̀kan nínú àwọn pólì Gateway síbẹ̀, òun là ń pè ní Ogun State Institute of Technology lónìí. Ní Ọ̀tà, Covenant ti wà láti 2002, Bells sì bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Yewa lọ, ẹ ó bá Federal Polytechnic Ìlaró, èyí tó ti wà láti 1979. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ báwọ̀nyí ló ní ọmọ tó lè sáré, tó lè gbá bọ́ọ̀lù, tó lè fò. Ta ló yẹ kó máa náwó lé wọn lórí? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó ti ń ná an bọ̀.

Ìjọba ló kọ́kọ́ ń ná an. Ní 1965, àwọn yunifásítì márùn-ún tó wà nígbà náà, Ìbàdàn, Nsukka, Zaria, Ifẹ̀ àti Èkó, dá ẹgbẹ́ NUGA sílẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lè máa bá ara wọn díje. Ìbàdàn ló gba àlejò àkọ́kọ́ ní 1966. Àwọn pólì náà dá tiwọn sílẹ̀ tó bá yá, NIPOGA ni wọ́n ń pè é, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ sì ní NICEGA. Owó tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, inú àpò kan náà tí owó oṣù olùkọ́ àti owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá ló ti ń wá. Kò sí ìlà “owó eré ìdárayá” tó ń dá ẹnikẹ́ni lọ́rùn, nítorí pé ìjọba ń rí kòkó tà, nígbà tó yá, ó ń rí epo rọ̀bì tà.

Èso ìgbà yẹn kò ṣòro láti rí. Segun Odegbami kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní The Polytechnic, Ìbàdàn, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars, ẹgbẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ìdókòwò ìjọba ń bọ́. Ní 1976, ẹgbẹ́ náà gba ife àwọn tó gba ife ní Áfíríkà. Ní 1980, nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní 3-0 ní Surulere láti gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, Odegbami ló jẹ méjì nínú góòlù mẹ́ta náà. Ọmọ pólì ni o. Ẹ rántí ìyẹn nígbà míì tí ẹnì kan bá ń fi ojú pólì wo yín wọ́lẹ̀. Ẹ sì tún kíyè sí i pé kì í ṣe rìsíìtì akẹ́kọ̀ọ́ ló gbé e débẹ̀. Ẹgbẹ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ tí owó ìlú ń bọ́ ló ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni owó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ní 1978, ìjọba ológun gbé owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ lójúmọ́ kan láti 50 kọ́bọ̀ sí ₦1.50. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde káàkiri orílẹ̀-èdè, “Ali Must Go” ni wọ́n ń kígbe, torí Ahmadu Ali ni kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ ìtàn yẹn nítorí ìbọn tó dún. Ẹ̀kọ́ kan tún wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà sọ: ìgbà yẹn ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kó bá òun gbé nínú ẹrù náà. Nígbà tó di 1986, tí ètò SAP dé, tí wọ́n sì jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kí ọjà máa sọ iye tó tọ́ sí i, náírà já wálẹ̀ lójú dọ́là. Bọ́ọ̀lù gidi, bàtà sípáìkì, ọ̀kọ̀ jíjù, aago tí wọ́n fi ń ka eré, òkè òkun ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Ohun tí owó ọdún kan ń rà tẹ́lẹ̀ kò lè rà á mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò lè tún òrùlé kíláàsì ṣe, ṣé pápá ni yóò rọ́jú gé koríko rẹ̀? Díẹ̀díẹ̀ ni ìlà kékeré yẹn wọ orí rìsíìtì.

Ẹnì kan lè ní, “Ẹ dákẹ́, ṣebí ìjọba ṣì ń náwó lórí eré ìdárayá?” Òótọ́ ni, ó ń ná an. Ògùn gbàlejò eré ìdárayá gbogbo orílẹ̀-èdè ní 2006, Gateway Games ni wọ́n sọ ọ́. Pápá M.K.O. Abiola ní Abẹ́òkúta kún fún ìlù àti ijó. Pápá Gateway ní Ìjẹ̀bú-Òde gba àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ láti gbogbo àgbáyé ní 2009. Lóṣù karùn-ún 2025, Ògùn tún gbàlejò eré orílẹ̀-èdè náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ tún wo 2022: àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, wọn kò padà títí di oṣù kẹwàá. Síbẹ̀ lóṣù kẹta, láàárín ìdaṣẹ́sílẹ̀ yẹn, NUGA wáyé ní Yunifásítì Èkó. Kíláàsì wà ní títì, pápá wà ní ṣíṣí.

A ò bínú sí i pé wọ́n ṣe é. A lọ wò ó, a sì pariwo. Ohun tí ìtàn náà ń kọ́ wa ni pé owó àríyá kì í wọ́n, owó ojoojúmọ́ ló wọ́n. Ọjọ́ tí kámẹ́rà bá dé, owó á jáde. Àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ àríyá ni wọ́n ń ṣe eléré. Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ń ṣe é, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò, pẹ̀lú ẹyin méjì, omi, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gbowó oṣù rẹ̀, àti pápá tí wọ́n gé. Owó ìyẹn ni wọ́n fi sí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn, òun náà sì ni kò ní káàdì.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó yí wa ká ńkọ́? Ìtàn tiwọn dùn ún gbọ́. Láti 1993 ni òfin ti ní kí ilé-iṣẹ́ máa san owó orí ẹ̀kọ́, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn. Ní 2011 ni wọ́n fi òfin tuntun sọ àjọ tó ń bójú tó o di TETFund. Nígbà tó fi máa di 2023, owó orí náà ti di ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Òfin ní bí yunifásítì bá mú náírà méjì, kí pólì mú kan, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ mú kan. Láti oṣù kìn-ín-ní 2026, wọ́n ti pa owó orí yìí pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn, ó di ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ti TETFund. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ló ń jàǹfààní rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ tàbí ti aládàáni kò sí níbẹ̀. Kíláàsì, yàrá àyẹ̀wò, ìwé, ìwádìí àti ìdálẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ni òfin dárúkọ. Kò dárúkọ eré ìdárayá, ṣùgbọ́n ó fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀: ohunkóhun tí ìgbìmọ̀ bá rí pé ó ṣe pàtàkì.

Ní ti Ìgbẹ́sà, ọ̀rọ̀ náà tún ní ewé míì. Láti 1992 ni òfin NEPZA ti yọ àwọn ilé-iṣẹ́ inú àgbègbè òwò ọ̀fẹ́ kúrò nínú owó orí ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀. Òfin owó orí tuntun ti ń dín àǹfààní yẹn kù fún àwọn tó ń ta ọjà wọn sínú ìlú, àmọ́ ẹ wo bó ṣe rí láti ọdún yìí wá: akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fa eruku tirela símú lójú ọ̀nà Ìgbẹ́sà ń san owó eré ìdárayá tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ni tirela ń gba ìdásílẹ̀. A mọ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n fi ìdásílẹ̀ yẹn wá, iṣẹ́ sì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá wa lo ọ̀nà, kò burú kó bá wa gé koríko pápá.

Àwọn kan á ní onígbọ̀wọ́ ni ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n ti ń gbìyànjú rẹ̀. Ní 2018 ni ìdíje bọ́ọ̀lù HiFL bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn yunifásítì. Ẹgbẹ́ UAM Tillers láti Makurdi ló gba ife àkọ́kọ́, UNICAL Malabites láti Calabar gba ti 2019. Ó dùn ún wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Àmọ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọkùnrin ni owó onígbọ̀wọ́ kọ́kọ́ ń wá, yunifásítì tí orúkọ rẹ̀ ń dún ló sì kọ́kọ́ ń kàn. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tó ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn ní pólì kékeré ní ẹ̀bá ilé-iṣẹ́ lè dúró pẹ́ kí ó tó kàn wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wá yọjú wo Amẹ́ríkà, torí ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń sáré ń gbàdúrà sí. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde níbí, lọ sí Yunifásítì Texas ní El Paso ní 2016. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ń bọ́ ọ, ilé-ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ ọ. Ní 2017 ó gba ipò kìíní nínú eré ọgọ́rùn-ún mítà aláfògi láàárín gbogbo yunifásítì ńlá Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje 2022, ó sá a ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, kò sí obìnrin tó tíì sá a tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Wọ́n tún ní ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké tó dà bíi pólì tiwa, ọlọ́dún méjì, tí wọ́n ń pè ní community college. Láti 1938 ni wọ́n ti ní ẹgbẹ́ eré ìdárayá tiwọn, NJCAA. Veronica Campbell-Brown, ọmọ Jàmáíkà tó gba góòlù òlíḿpíìkì nínú igba mítà ní 2004 àti 2008, ọ̀kan nínú irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní Kansas ló ti kọ́kọ́ kàwé, Barton.

Kì í ṣe pé owó wọn pọ̀ ju tiwa lọ ni a fẹ́ sọ, ẹ̀yin náà mọ ìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ ń san owó eré ìdárayá lọ́hùn-ún pẹ̀lú, ó sì ń bí àwọn kan nínú. Ohun tí a fẹ́ kẹ́ ẹ wò ni òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1994. Òfin náà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó bá gba akọ àti abo, tó ń jàǹfààní owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, tó sì ní ẹgbẹ́ eléré, gbọ́dọ̀ máa kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọọdún: iye tó wọlé fún eré ìdárayá, iye tó jáde, iye tí wọ́n ná lórí ọkùnrin, iye tí wọ́n ná lórí obìnrin, owó oṣù akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e síta, kì í ṣe fún àwọn ọ̀gá nìkan, fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Barton tó wà ní Kansas ń ṣe é, yunifásítì ńláńlá ń ṣe é. Káàdì àjọ nìyẹn. Ọmọbìnrin tí wọ́n bá sọ fún pé kò sówó ọkọ̀ lè ṣí i wò, kó rí iye tí wọ́n fi gbé àwọn ọkùnrin lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnu ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní akẹ́kọ̀ọ́ 4,000, kí oníkálukú san ₦1,500. Mílíọ̀nù mẹ́fà náírà nìyẹn lọ́dún kan, mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún láàárín ọdún mẹ́rin. Owó yẹn lè má ra pápá òyìnbó, àmọ́ ó lè háyà bọ́ọ̀sì tí kò ní takú lọ́nà. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ná an dáadáa! Bóyá owó dókítà ló bá lọ, tàbí owó epo jẹnẹrétọ̀. A ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Alájọ tó jẹ́ olóòótọ́ ni káàdì tilẹ̀ ń gbè jù.

Àwa náà ò wà láìní irinṣẹ́. Ní 2011 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin òmìnira ìròyìn. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba, wọ́n ní ọjọ́ méje láti fèsì, ẹni tó béèrè kò sì ní láti sọ ìdí tó fi ń béèrè. Ó pẹ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ kan fi ń sọ pé òfin náà ò kan àwọn. Lóṣù kẹrin 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ó kàn wọ́n. Pólì ìpínlẹ̀ wà nínú rẹ̀, pólì ìjọba àpapọ̀ náà wà nínú rẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí tó ń sanwó ló máa béèrè.

Lẹ́tà náà ò gbọdọ̀ ní ìbínú nínú. Ẹ kọ ọ́ bí ọmọ tó ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀: ẹ jọ̀ọ́ sà, lọ́dún tó kọjá, èló lẹ gbà fún eré ìdárayá lọ́wọ́ wa? Èló lẹ ná? Èló ló lọ sórí bọ́ọ̀lù ọkùnrin, èló ló lọ sórí àwọn obìnrin? Ìbéèrè mẹ́ta péré. Bí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá bá dáhùn, a ó ti ní ohun tí kò tíì sí lọ́wọ́ wa rí. Onígbọ̀wọ́ tó bá sì fẹ́ fi owó sílẹ̀ á rí ìwé tó lè wò, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní Àgbárá tàbí Ìgbẹ́sà kò ní lè ní òun ò mọ ibi tí owó òun máa wọ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá ṣípá ni à ń gbé. A ti ń sanwó tipẹ́, apá ni a ò tíì ṣí.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin yẹn ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ kan ní apá Ọ̀tà báyìí, alẹ́ ló máa ń wọṣẹ́. Kò sáré mọ́. A bi í láìpẹ́ yìí bóyá ó ṣì ní rìsíìtì rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo ẹ̀ ló wà nínú fáìlì, kò sọ ọ̀kankan nù. Ó ní bí a bá ń kọ lẹ́tà náà, ká kọ orúkọ òun sí i.